Asín Abẹ́ Ẹsẹ̀ Dáínósọ̀

Iṣẹ́ tí mo sọdá òkun lọ ṣe ni pé kí n máa nu eruku kúrò lára òkú. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Òkú náà kì í ṣe òkú èèyàn o, ẹ má bẹ̀rù. Egungun ẹranko ni, àwọn ẹranko tó ti kú nígbà tí kò tíì sí ẹni tí yóò sunkún wọn. Inú ilé ńlá kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tò wọ́n sí, ilé tí wọ́n ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń tò lórí ìlà láti wọlé lọ wo ohun tó ti kú, tí wọ́n á sì ra bisikíìtì bí wọ́n bá ń jáde.

Kí n tó débẹ̀, tíṣà ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìfọ́n ní ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì. Mo ya dáínósọ̀ sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní ó jọ màlúù tí ebi ń pa. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ló sọ. N kò mọ̀ pé màá di ẹni tí ń nu èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì kì í ṣe òtútù. Gbogbo ayé ti kìlọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti ki súwẹ́tà mẹ́ta bọ àpótí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò lọ́hùn-ún. Kólìn, ọ̀gá àwa tí ń tọ́jú ilé, ọmọ tí mo lè kọ́ ní kíláàsì ni. Orúkọ mi gan-an ló fi ń pè mí, kò sì pè é tán: ó gé e sí méjì, ó mú ìdajì, ó dá ìdajì padà fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó mú mi lọ bá ìyá àgbà kan tó ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Kólìn. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Ó figbe ta. Ó rò pé mo dákú ni. Kí n tó dìde, wọ́n ti gbé omi dé, wọ́n ti gbé àga dé, Kólìn ti ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ jàǹbá sí. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ní rárá o, mo ń kí i ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò kúnlẹ̀ fún alààyè kankan mọ́ nílùú yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tí bàbá mi bá tọ́, bí kò bá kí àgbà láàárọ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà kò ní í dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi, hẹdimásítà ni títí ó fi fẹ̀yìn tì sí Ùpenmen, níbi tó ti ń dá oko díẹ̀ tó sì ń ka ìwé Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fi wákàtí kan jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Àwọn àwòrán inú pálọ̀ wa pàápàá, ipò àgbà la fi kọ́ wọn mọ́ ògiri: bàbá àgbà lókè téńté, bàbá mi tẹ̀ lé e, ìyá mi tó ti lọ sọ́run lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ nísàlẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ti lè lá wa lójú.

Nígbà tí n kò ti rí àgbà kí, mo bẹ̀rẹ̀ sí kí egungun. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Láàárọ̀, kí àwọn àlejò tó dé, èmi àti mọ́ọ̀pù mi nìkan la máa ń wà nínú gbọ̀ngàn náà, ẹnu mi a sì ti kún fún ìkíni tí kò rẹ́ni gbé e fún. Ẹja kan tó ti di òkúta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú gíláàsì. Òun ni mo ń kọ́kọ́ kí, torí pé ẹja ti wà nínú omi kí ohunkóhun tó ní egungun ẹ̀yìn tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó fi àyà wọ́ jáde látinú omi, tí kò mọ̀ bóyá ẹja lòun tàbí ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé alángbá. Ìgbà yẹn ni mo tó ń dé ọ̀dọ̀ dáínósọ̀, tó gba gbogbo àárín gbọ̀ngàn, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ àjà kó má bàa wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Òun ni gbogbo àlejò ń wá. Wọn kì í wo ẹja rárá. Ó máa ń dùn mí fún ẹja yẹn.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ dáínósọ̀, nínú àpótí gíláàsì kékeré kan, asín kan wà. Kì í ṣe asín gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, asín lẹ óò pè é: ẹnu ṣóńṣó, irun lára, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹranko tó kọ́kọ́ ń fọ́mọ lọ́mú láyé nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé mo ti tan àwọn ọmọ Ìfọ́n jẹ. Mo ti kọ́ wọn pé ìgbà tí dáínósọ̀ kú tán ni àwa tí ń mu ọmú tó dé. Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Dáínósọ̀ kàn fi díẹ̀ ṣáájú ni. Gbogbo ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún tí ọ̀kan fi jọba, èkejì wà lábẹ́ àga, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń fetí sílẹ̀, ó ń sá fún àtẹ́lẹsẹ̀. Àpótí asín yẹn ni mo máa ń nù ju gbogbo wọn lọ.

Ìpè tó dá wàhálà sílẹ̀ wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀. Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, máa ń lọ sí Ùpenmen ní ọjọ́ Jímọ̀, yóò gun orí òkúta tó wà lẹ́yìn ilé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé, yóò sì gbé fóònù fún Bàbá. Bàbá kì í sọ èdè Ọ̀wọ̀ lórí fóònù. Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, bí ẹni pé ìjọba ń gbọ́.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́?"

"Mùsíọ́ọ̀mù ni mo wà, sà. Mo ń mójú tó egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́."

"O ń ṣàlàyé wọn fún àwọn èèyàn?"

Mo wo mọ́ọ̀pù. Mọ́ọ̀pù wò mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́, pé ọmọ òun ni àwọn òyìnbó ránṣẹ́ pè láti wá kọ́ wọn ní ìtàn ẹranko. Wọ́n kọrin. Wọ́n jó. Bọ́sẹ̀ rán fídíò rẹ̀ sí mi, mo wò ó nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá wá ní kí n rán àwòrán ara mi lẹ́nu iṣẹ́, òun yóò kọ́ ọ sí pálọ̀. Ẹ ní láti mọ àwòrán tirẹ̀ kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Bàbá wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé alùpùpù ńlá kan tó ń dán gbinrin, ọwọ́ òsì rẹ̀ di aṣọ funfun kan mú. Háńkáṣíìfù la máa ń pè é. Àwòrán yẹn la fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ àdúgbò: tíṣà tó ní alùpùpù nígbà tí àwọn mìíràn kò tíì ní bàtà. Ìbéèrè nípa àwòrán tèmi kò sì lè pẹ́, torí pé ojú Bàbá ń lọ. Ojú òsì ti lọ pátápátá, ọ̀tún ń rí òjìji. "Kí eléyìí tó tilẹ̀kùn," ló wí, "mo fẹ́ rí ọ lórí ògiri mi."

Mo ní wọn kì í jẹ́ ká ya fọ́tò. Ó dúró fún oṣù méjì. Mo ní fóònù mi já bọ́. Ó dúró. Mo ní wọ́n ń tún dáínósọ̀ ṣe. Ó ní ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá pa irọ́ kan, n kì í lè sùn, ojú Bàbá tó ń lọ ni mo máa ń rò.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni òpùrọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní ẹgbẹ́ nílùú yẹn, a ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Bí o bá dìde, wàá sọ orúkọ rẹ, àdúgbò rẹ, àti ọdún tí o dé, torí ọdún tí o dé ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wàá jókòó. Ẹni tí ń wẹ arúgbó ní "ẹ̀ka ìlera" lòun wà. Ẹni tí ń wa takisí ní "ètò ìrìnnà". Èmi náà ní mo wà ní "ẹ̀ka ìtàn ìṣẹ̀dá". Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìpàdé tí n kò lè gbàgbé ni èyí tí Alàgbà Ṣọlá àti Alàjì Jímọ̀ fi jà sí ipò alága. Alàjì ló kọ́kọ́ dé, kò sí iyàn. Ṣùgbọ́n ó padà lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà.

"Ọjọ́ tí o tún dé ni a ó máa kà!" Alàgbà Ṣọlá lu tábìlì. "Ẹni tó lọ tó tún bọ̀, àlejò ni!"

"Ṣé ọmọ tó bá rìnrìn àjò dé á wá di àbúrò àbúrò rẹ̀ ni?" Alàjì dá a lóhùn. "Ta ló fi ibi tí wọ́n ti ń ra iṣu hàn ọ́? Èmi ni!"

Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi jiyàn ẹni tó kọ́kọ́ dé ìlú tí ìlú náà kò mọ̀ pé ẹnì kankan nínú wọn dé. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n máa ń fi ẹni tuntun sí, òtútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, mo sì ń ro ẹja inú gíláàsì. Bí dídé ṣáájú bá sọ èèyàn di onílé, ẹja yẹn ló yẹ kó máa gba owó ilé lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ̀dá èèyàn ló dé kẹ́yìn pátápátá, àbígbẹ̀yìn ayé. Àbígbẹ̀yìn náà ló wá kọ́ ilé, tó fi wáyà so àwọn àgbà mọ́ àjà, tó tún háyà mi láti máa nù wọ́n.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo ṣe àṣìṣe mi. Nínú yàrá àwọn ọmọdé, tábìlì gígùn kan wà tí wọ́n to àwọn ẹranko oníke sí. Bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ̀gàn ni. Dáínósọ̀ ló wà níwájú, èèyàn tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ dúró tì í bí àna rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Erin tẹ̀ lé wọn. Ẹja wà ní ìparí, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi nu tábìlì yẹn tí inú fi ń bí mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, mo tò wọ́n bí bàbá mi ì bá ṣe tò wọ́n: ẹja síwájú, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, dáínósọ̀, asín, erin, èèyàn lẹ́yìn pátápátá. Ẹyẹ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e ti ẹja.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kólìn ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ìwé. Ìwé ìkìlọ̀ ni: mo fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe ti ẹ̀ka mi. Dókítà Hánà dúró tì í, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ egungun.  Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún Bàbá pé wọ́n lé tíṣà tí kò sí.

"Kí lo fi tò wọ́n?" Hánà bi mí.

"Ipò àgbà," ni mo wí.

Mo ní láti ṣàlàyé. Mo ní nílé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ṣáájú, ìbáà jẹ́ aràrá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún wo tábìlì náà títí. "Gbogbo rẹ̀ ló tọ́," ló wí, "àfi ẹyẹ. Kí ló dé tí ẹyẹ fi wà níwájú?"

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi ní katikísìmù, pàṣán lọ́wọ́: ọjọ́ karùn-ún ni Ọlọ́run dá ẹja inú omi àti ẹyẹ ojú ọ̀run, ọjọ́ kẹfà, ẹranko orí ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, ọjọ́ karùn-ún ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

Hánà mú ẹyẹ náà, ó gbé e sẹ́yìn dáínósọ̀. Ó ní ara dáínósọ̀ ni ẹyẹ ti jáde. Ó ní dáínósọ̀ kò kú tán: àwọn ńlá ló kú, àwọn kéékèèké kan tó ti níyẹ̀ẹ́ yè é, wọ́n wà lórí òrùlé wa báyìí, wọ́n ń yàgbẹ́ sórí ọkọ̀ Kólìn. Kólìn kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò lé mi, wọn kò sì tún tábìlì náà tò padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ ìwé tó rẹwà mọ́ ọn pé Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ló tò ó. Èmi ni mo nu gíláàsì ìwé náà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún Bàbá. Inú bí i.

"Adìẹ? Adìẹ tó wà ní àgbàlá mi níbí ni ọmọ ẹranko ńlá yẹn? Ohun tí o ń kọ́ wọn nìyẹn?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó pa fóònù. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo ní kí Bọ́sẹ̀ mú àkùkọ wá. Mo fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa." Ó tún ní: "Ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá a. Àwòrán mi dà?"

Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló wá. Ẹni tó yẹ kó ṣàlàyé fún wọn kò tíì dé. Mo ń nu omi tí ọ̀kan nínú wọn dà sílẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan bi mí pé kí ni asín yẹn ń ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹranko ńlá, ṣé oúnjẹ rẹ̀ ni. Mo ní rárá o, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo wọn yí mi ká. N kò mọ ìgbà tí mo gbé mọ́ọ̀pù sókè tí mo fi igi rẹ̀ ń nà sí egungun bí mo ṣe máa ń fi ọ̀pá nà sí pátákó ní Ìfọ́n. Mo tò wọ́n fún wọn láti orí ẹja títí dé orí àwa. Mo ní kí wọ́n kí ẹja. Wọ́n kí ẹja! Ogún ọmọ òyìnbó, wọ́n tẹríba fún ẹja. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni alálàyé dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní omi ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Hánà ti ya fọ́tò. Ó fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi nìyí nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, dáínósọ̀ lókè orí mi, àwọn ọmọ níwájú mi tẹnu wọn là sílẹ̀, mọ́ọ̀pù lókè lọ́wọ́ mi, ó ń kán tótó.

Bọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè.

"Àǹtí, ẹ gé mọ́ọ̀pù yẹn kúrò, ẹ jọ̀ọ́. Fóònù lè gé e. Ẹ mọ ohun tí Bàbá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo gé e. Mo wo èyí tí mo gé. Ọwọ́ mi wà lókè lásán, ó dà bí ẹni tí ń dá mọ́tò dúró. Mo ronú àwọn "ẹ̀ka ìlera" àti "ètò ìrìnnà" ti ọjọ́ Sátidé. Irọ́ ti sú mi. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi, n kò fẹ́ kí ohun tí yóò fi rí gbẹ̀yìn jẹ́ ohun tí mo gé. Mo rán odindi rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní Jímọ̀, Bọ́sẹ̀ pè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àǹtí, Bàbá ní kí n ka ohun tó wà nínú àwòrán náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ mú igi lọ́wọ́. Ó ní kí ló wà lórí igi náà. Mi ò lè purọ́ fún un, Àǹtí. Ó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀."

Mo dìde dúró nínú yàrá ọṣẹ.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o máa nulẹ̀?" Bàbá bi mí.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, sà. Ẹ má bínú, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Àwòrán mi tó wà ní pálọ̀. O mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ti alùpùpù."

"Kí ló wà lọ́wọ́ òsì mi?"

"Háńkáṣíìfù, sà."

"Àkísà ni," bàbá mi wí. "Ti àlùfáà òyìnbó tó wà ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà ni alùpùpù yẹn. Èmi ni mo ń bá a fọ̀ ọ́, mo ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀, ọdún mẹ́ta, kó lè rán mi nílé ìwé. Ìyá yín kú, kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní háńkáṣíìfù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún yín."

 Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wo àwòrán yẹn. Ìgbà tí Bàbá tún máa sọ̀rọ̀, ó ti sọ Yorùbá inú ìwé kalẹ̀, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. "Uṣẹ́ ni uṣẹ́ í jẹ́, ọmọ mi."

Mo gbọ́ tí Bọ́sẹ̀ bi í pé ibo ni kí òun kan ìṣó sí, ṣé nísàlẹ̀, níbi tí ti àwa ọmọ wà.

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Kan án sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, kí méjèèjì wà lọ́gbọọgba. Ẹgbẹ́ ni wá."